Ẹ Má Dá AC Lẹ́bi: Asẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Lọ Yẹ̀ Wò

Èmi nọ́ọ̀sì àdúgbò yín ni mo tún dé. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní AC, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ohun tí mò ń rí bí mo ṣe ń lọ láti ilé dé ilé.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, AC wà lára ògiri. Ọmọ tó wà ní London tàbí ní Houston ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n màmá ti fi aṣọ bò ó. Wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, òógùn ń ṣàn. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, òtútù àyà ló ń fà, ó sì ń dá làkúrègbé sílẹ̀." Bí mo bá dé ilé kejì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí 16, atẹ́gùn rẹ̀ dojú kọ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, kò sì sẹ́ni tó fọ asẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́.

Èrò tèmi rèé: ilé méjèèjì ni kò lò ó bó ṣe yẹ. AC kì í ṣe ọ̀tá àgbàlagbà. Ooru ni ọ̀tá, ìdọ̀tí ni ọ̀tá, èéfín nínú yàrá tí a tì pa ni ọ̀tá. Ẹni tó bá sì ra AC fún òbí rẹ̀ láì ṣètò ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, ààbọ̀ ẹ̀bùn ló fún wọn.

*Ṣé AC ló ń fa òtútù àyà?*

Rárá. Kòkòrò àrùn ló ń fa òtútù àyà. Atẹ́gùn tútù nìkan kò lè bí kòkòrò. Ohun tó lè ṣe ni pé ó máa ń gbẹ imú, ọ̀fun àti ojú. Bí ó bá ń fẹ́ lu ẹni tó ní asímà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kí àyà rẹ̀ sì máa fún. Ẹni tí oríkèé ń dùn náà lè rí i pé ó le sí i bí yàrá bá tutù jù. Ẹ kò purọ́ bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó ló ń fa èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń gbẹ ọ̀fun. Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ ní 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Kì í ṣe ènìyàn ló ṣe é fún. Ọ̀rinrin inú atẹ́gùn ló ń da bébà wọn láàmú, tí àwọ̀ ìtẹ̀wé kò fi jókòó síbi tó yẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni fífa ọ̀rinrin kúrò nínú atẹ́gùn ti jẹ́ ara iṣẹ́ AC. Omi tí ẹ ń rí tó ń kán níta, inú atẹ́gùn yàrá yín ló ti wá. Nítorí náà, ẹ gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kọjú ẹnu AC sókè, kí ó má fẹ́ lu ẹnikẹ́ni.

*Ooru ń pa àgbà*

Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru mú ní ìlú Chicago láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó pa ènìyàn tó lé ní 700. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn púpọ̀ sì ń dá gbé. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé ewu náà kéré púpọ̀ fún ẹni tí AC ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ní 2003, ooru pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ náà.

Ẹ lè ní, "Oòrùn ti mọ́ àwa lára." Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti ń dàgbà, kì í làágùn dáadáa mọ́, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ ẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ tún ń fa omi kúrò lára. Ẹ má tìtorí èyí pa oògùn yín tì o. Ẹ máa mu omi, kí ẹ sì bá dókítà yín sọ̀rọ̀.

Bí ara àgbàlagbà bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó dákú nígbà ooru, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ dín aṣọ ara rẹ̀ kù, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má da omi sí ẹni tó ti dákú lẹ́nu.

*Asẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró AC*

Atẹ́gùn inú yàrá yín ni AC ń fà mu, tó ń fi tutù, tó sì ń tú padà. Asẹ́ ló ń gba eruku. Bí eruku bá kún un, tí inú rẹ̀ sì tutù, ohun dúdú tí í hù sára ògiri ilé ìwẹ̀ yóò hù síbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ óò máa fà símú lóru, tí ẹ óò sì máa sín, tí ẹ óò máa wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ óò ní AC kò bá yín lára mu.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sí oṣù kan ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo nǹkan, ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kò le. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ ṣí ìdérí iwájú, ẹ fa asẹ́ náà jáde. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji, nítorí oòrùn lè ká a kò. Ìgbà tó bá gbẹ dáadáa ni kí ẹ dá a padà. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ óò gun àga láti yọ ọ́. Mo ti rí ìtàn àgbà tó ṣubú lórí àga, tí egungun ìbàdí ṣẹ́, tí kò sì rìn dáadáa mọ́. Iṣẹ́ ọmọ ọmọ nìyẹn.

Bí omi bá ń kán sínú yàrá, ọ̀nà omi rẹ̀ ló sábà máa ń dí. Bí ẹ bá sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ọ̀pá tó wà níta, ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn inú omi bẹ́ẹ̀ ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ lè fi omi náà nu ilẹ̀; ẹ má mu ún.

Gáàsì AC kò dà bí gáàsì ìdáná. Kì í jó tán. Inú páìpù ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí ó bá dín, ó ń jò níbì kan ni. Oníṣẹ́ tó bá ń rọ gáàsì sí i nígbà gbogbo, tí kò wá ojú ibi tó ń jò, owó yín ló ń jò.

*Èyí tó wúwo jù: èéfín*

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé AC ń gbé atẹ́gùn tuntun wọlé. AC tí a ń gbé kọ́ ògiri nílé wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ nínú ilé, ẹ má ti yàrá pa mọ́ gbogbo yín; ẹ máa ṣí fèrèsé lójoojúmọ́. Ẹ má sì sun oògùn ẹ̀fọn onígbígbóná nínú yàrá tí ẹ ti pa nítorí AC.

Jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Nítorí kí AC lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má gbé e lọ. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, èyí tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé yín tàbí ti aládùúgbò. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ jáde síta ná. Bí kò bá sí ibi tó jìnnà tí ẹ lè gbé e sí, ẹ sùn nínú ooru, kí ẹ ṣí fèrèsé sínú nẹ́ẹ̀tì. Ooru alẹ́ kan sàn ju òkú ilé kan lọ.

*"Nọ́ọ̀sì, owó iná ńkọ́?"*

Ọ̀rọ̀ yín dára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí 24 sí 26. Títẹ̀ ẹ́ sí 16 kì í sábà mú kí yàrá tètè tutù. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ̀rọ kò ní sinmi, mítà yóò sì máa sáré. Asẹ́ tó dọ̀tí náà ń jẹ iná. Yàrá kan ṣoṣo tó fún gbogbo ilé. Láàárín agogo méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ pe àwọn àgbà jọ sínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ obìnrin wa rèé: gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dá àjọ lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù jẹ́ ọjọ́ asẹ́. Kí olúkúlùkù ya fọ́tò asẹ́ tó fọ̀ sórí ẹgbẹ́ wa. Ẹ lè kó owó jọ, kí ẹ gba oníṣẹ́ kan tó mọṣẹ́ láti bójú tó AC gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Owó rẹ̀ yóò dín. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, nígbà tí ẹ bá pe màmá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Ta ló fọ asẹ́ lóṣù yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á sétí rẹ̀. Ara á le o.