Igi Fọ́tò Kì í Ṣe Ìbòji

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ àdúgbò díẹ̀ n'Ìbàdàn: Ìdí-Apẹ́, Ìdí-Iṣin, Ìdí-Arẹrẹ, Ìdí-Ayunrẹ́. Ẹ bọ́ sí Èkó, ẹ ó bá Ìdí-Àràbà. Igi ni àwọn baba wa fi ń júwe ilé. Wọ́n gbin odán sọ́jà àti síwájú ààfin kí ará ìlú lè rí ibi jókòó sí. Àwa tí a kàwé ni a wá ń gé e.

Ọ̀rọ̀ mi ò lọ yípo: ayẹyẹ igi gbígbìn tí à ń ṣe lọ́dọọdún kò lè gba àwọn ìlú wa là, bí a kò bá kọ́kọ́ dáàbò bo àwọn igi ńlá tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn èèyàn pàtàkì á dé, wọ́n á fi ṣọ́bìrì bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sídìí igi kékeré, kámẹ́rà á kọ yẹ̀rì, ó parí. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ta ló ń bomi rin ín? Ta ló fi ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ewé igi ńlá ló ń gba òjò kó tó balẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń la ilẹ̀ kí omi lè rí ibi wọlé. Omi tó ń ti ara ewé jáde ló ń mú kí abẹ́ rẹ̀ tutù. Kọnkéré ò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ìbàdàn ò sì yẹ kó gbàgbé ohun tí omi lè ṣe. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ṣọṣẹ́. Mi ò ní igi nìkan ni ì bá dá a dúró. Pàǹtí inú odò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi ní ẹ̀bi tiwọn. Ṣùgbọ́n etídò tí kò ní igi mọ́, kí ló kù tó máa di ilẹ̀ ibẹ̀ mú?

Àwọn kan á ní igi ń wó lu mọ́tò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí eyín kan tó ń dunni, a kì í yọ gbogbo eyín ẹnu. Ẹ̀ka tó ti kú ni kí wọ́n gé. Àwọn mìíràn á ní ọ̀nà la fẹ́ fẹ̀. Kí wọ́n fi igi sínú àwòrán ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀! Kí wọ́n sì yé fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní másíkúréèdì rọ́pò mángòrò. Ó dùn ún wò, àmọ́ ẹni tó bá dúró tì í lọ́sàn-án, oòrùn á pa á.

Ṣé ìlú àti igbó lè jọ gbé? Ẹ bi Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ló kọ́kọ́ dá a sí: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í dọdẹ níbẹ̀. Nígbà tí agbára èèwọ̀ ń dín kù, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a ṣe é dìde jà fún un, òfin ìjọba sì tì í lẹ́yìn. Kì í ṣe ṣọ́bìrì ló dá igbó yẹn sí. Òfin tó ní olùṣọ́ ni.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aláṣẹ fásítì ka igi wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gé igi ńlá láìgba ìwé àṣẹ tí gbogbo ayé lè rí kà. Kí owó igi gbígbìn ní owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta nínú, kó sì jẹ́ pé èyí tó yè la ó máa kà, kì í ṣe èyí tí a gbìn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́ lọ́la: fóònù wa tó láti ya igi kọ̀ọ̀kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ká sì kọ ibi tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ìwé iṣẹ́ ọ̀nà ń gba ọwọ́ yín kọjá, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè pé igi mélòó ni yóò lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìdí-Kọnkéré ni àwọn ọmọ wa yóò máa pe àdúgbò wọn.