Ẹgbẹ́ Aláró Ló Lè Gba Omi Abẹ́òkúta Là

Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ ní Ìtòkú rí mọ bí aṣọ náà ṣe ń wuni. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí àgbàlá tí wọ́n ti ń pa á láró. Inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ aláró ń da omi aró tí wọ́n ti lò tán sí, tòun ti sódà inú rẹ̀.

Àwọn kan ní àìmọ̀kan ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Aláró mọ ohun tí sódà ń ṣe, torí ọwọ́ òun gan-an ló ń bó. Owó ni ìṣòro. Bí ìyá kan bá dá gbẹ́ kòtò tí omi yóò máa sẹ́ sí, tó sì ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ rẹ̀ á wọ́n ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Oníbàárà á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń da tiẹ̀ sí gọ́tà.

Ṣé ká wá fòfin dè é? Wọ́n ti dán an wò rí. Aláké Ladàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó torí wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́. Àwọn obìnrin aláró yarí ní 1936. Títí dòní, sódà ṣì wà lọ́jà.

Ẹgbẹ́ ni mo fọkàn tẹ̀. Ẹgbẹ́ ń gbowó oṣù, ó ń parí ìjà, ó sì ń bu owó ìtanràn fún arúfin. Bí gbogbo wọn bá dáwó gbẹ́ kòtò kan, tí wọ́n kó iyanrìn àti èédú sí i, tí wọ́n jọ ra ìbọ̀wọ́ lọ́pọ̀, kò sí ẹni tí ọjà tirẹ̀ nìkan yóò wọ́n.

Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ mìíràn ò mọ̀ ju kó fowó lé ọjà lọ. Àmọ́ agbára tó fi ń ṣe ìyẹn náà ló lè fi dáàbò bo omi.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? A ń bu omi wọn lọ sí láàbù, a gba máàkì, a ò padà. Ẹ jẹ́ ká padà lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, ká fi Yorùbá sọ ohun tá a rí. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ sì ń ra àdìrẹ fún aṣọ ẹbí, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: níbo lomi aró yìí ń lọ?