Ẹ̀wù Tó Wà Lọ́rùn Wa

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bí tọrùn rẹ̀ bá ti gbó, a ó kí i pé ó ṣeun, a ó sì bá ọ̀nà tiwa lọ. Àwa Kristẹni ni òwe yìí ń bá wí jù lọ lóde òní, nítorí ẹ̀wù ni à ń kiri. Láti ojúlé dé ojúlé, nínú bọ́ọ̀sì àti ní ibùdókọ̀, à ń pe aládùúgbò kó wá gba ẹ̀wù òdodo wọ̀. Aládùúgbò kì í tètè dá wa lóhùn, ọrùn wa ló ń wò. Ohun tó ń rí níbẹ̀ lọ́jọ́ òní kò ṣeé dákẹ́ lé lórí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ta gbòǹgbò nílẹ̀ wa. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn Potogí tó kó o sọ́kọ̀ ní 1822, Kristẹni ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó dá ọkọ̀ náà dúró, tí wọ́n sì tú àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀, Kristẹni ni àwọn náà ń jẹ́. Orúkọ kan, ìwà méjì. Ní Sàró tí wọ́n wá gbé e lọ, lọ́wọ́ àwọn tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ níwèé, ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tó padà wá sílẹ̀ Yorùbá, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848. Bíbélì wo ni ìyá yìí rí kà? Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í ni Bíbélì tó wà níwájú rẹ̀. Lónìí, Bíbélì wà nínú fóònù ọmọ iléèwé, síbẹ̀ ènìyàn ni ènìyàn ṣì ń kà. Nínú agboolé kan náà ni Kristẹni, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ń gbé nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ibo la fẹ́ fi ìwà wa pamọ́ sí?

Ẹ wá wo ọjà wa. Ìsọ̀ gaàrí kan rèé, àwòrán Jésù wà lára òpó rẹ̀, orin ẹ̀mí ń dún lórí rédíò. Kóńgò tó wà lórí gaàrí ńkọ́? Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó wú sókè bí ìdodo ọmọ tuntun. Bí oníbàárà bá bẹ̀bẹ̀ fún ènì, ìyá ọlọ́jà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á sì fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Ẹ̀kúnwọ́ ènì yẹn kò tó ìdajì ohun tí ìdí kóńgò ti jí. Nígbà tí oníbàárà bá délé tó tún un wọ̀n, tí gaàrí kò dé etí, kóńgò kọ́ ni yóò bínú sí, àwòrán ara òpó yẹn ni yóò rántí. Ọ̀rọ̀ kóńgò yìí ń bí mi nínú gidigidi. Ìwé Òwe inú Bíbélì kò fi bò pé Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n èké. Ẹni tó fi kóńgò lílù tajà láti Ajé dé Àbámẹ́ta, tó wá ka ìdámẹ́wàá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, owó olówó ló gbé síwájú pẹpẹ. Àlùfáà tó mọ̀, tó gbà á, tó tún gbàdúrà lé e lórí, òun náà ti bá a di kóńgò mú. Elépo bẹntiróòlù tó yí mítà, ọ̀gá tó jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹni tó gba aṣọ ìkórè láwìn tó wá ń sá fún aláṣọ: kóńgò lílù kan náà ni gbogbo wọn.

Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì Èlíṣà nínú Bíbélì, ti ṣe irú rẹ̀ rí. Náámánì ará Síríà gba ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́, Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìránṣẹ́ sáré tẹ̀ lé àlejò, ó purọ́, ó gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. Ọ̀fẹ́ Ọlọ́run di ọjà lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Aṣọ ni Géhásì lọ gbà, ẹ̀tẹ̀ ló wọ̀ bọ̀.

Àwọn kan á ní ká má wo ènìyàn, Jésù ni ká wò. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tí ìwà ẹlòmíràn fẹ́ mú kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹnu ẹni tó jẹ̀bi. Ta ni olè tó máa sọ fún olóko pé kó má wo ọwọ́ òun? Wọ́n tún ní kò sẹ́ni tí kò ní àlébù, òótọ́ sì ni. Àmọ́ kì í ṣe àlébù ló ń lé ènìyàn sẹ́yìn tó bíbo àlébù mọ́lẹ̀. Sákéù agbowó-orí ṣèlérí pé òun yóò dá owó padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò ìwàásù kó tó mọ̀ pé Jésù ti wọ ilé Sákéù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ká tó tún na ẹ̀wù sí aládùúgbò, ẹ jẹ́ ká tún tọrùn wa ṣe. Kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹni tó jẹ aláṣọ lówó lọ san án, kí ọ̀gá san owó oṣù tó há mọ́ ọn lọ́wọ́, kí oníkóńgò sì gbé kóńgò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó bá a lu ìdí rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.