Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Ọ̀lẹ

Ọmọ tó ń kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, tó ń gbára lé tábìlì kó tó lè kọ ìlà kan, kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa pè é ní ọ̀lẹ ní kíláàsì. Orúkọ yìí kò tọ́ sí i. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013 sọ pé, nínú 100 ọmọ ọdún 5 sí 11, nǹkan bí 5 tàbí 6 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kì í gbọ́ ti ara wọn bó ṣe yẹ. Bí kíláàsì kan ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun, bá ní 50 ọmọ, ó ṣeé ṣe kí 2 tàbí 3 irú wọn wà níbẹ̀.

Iṣan ikùn, ẹ̀yìn àti ìbàdí ló ń gbé ara dúró kí ọwọ́ tó ráyè ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá lágbára, ọwọ́ tó yẹ kó di pẹ́ńsùlù mú ni ọmọ yóò fi ti ara rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ìwé gbogbo nílẹ̀ Òkun ya ìṣẹ́jú 10 sọ́tọ̀ láràárọ̀ fún iṣan wọ̀nyí. Ẹní nìkan ni eré ìdárayá yìí ń fẹ́. Kí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún, kó gbé ìbàdí sókè, kó ka ení dé àrún kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, kó na ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì pààrọ̀ wọn. Kó máa mí geere. Bí ibì kan bá ń dùn ún, kó sinmi. Tẹ̀ǹtẹ́n àti súwè náà ń kọ́ ara ní ìdúró ṣinṣin.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ tó ń pọnmi, tó ń bá òbí lọ oko, kò nílò èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹgbẹ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń sá fún eré, iṣan tí a kò sì lò, rírọ ló ń rọ sí i. Òótọ́ ni pé eré ìdárayá yìí nìkan kò tó. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé jáde ní 2019 lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ tó ń ṣòro fún ọmọ gan-an ni kó máa fi dánra wò: bọ́tìnnì, bọ́ọ̀lù, ìwé kíkọ. Bí ọmọ tó ń rìn dáadáa tẹ́lẹ̀ bá sì ṣàdédé ń ṣubú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí àwọn ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú fi ìṣẹ́jú 10 yìí sínú ètò iṣẹ́ sáà tó ń bọ̀. Kí tíṣà gbé pàṣán sílẹ̀, kó tẹ́ ẹní.