Fortinbras ló yè, ẹ má gbàgbé

1/ Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ìṣòro Hamlet ni pé ó fi ẹ̀san falẹ̀. Èmi ò gbà.

2/ Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n pa bàbá wọn nínú eré yẹn. Claudius pa bàbá Hamlet. Hamlet gún bàbá Laertes lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kò tiẹ̀ wo ojú ẹni tó ń gún! Bàbá Hamlet ló pa bàbá Fortinbras. Laertes ò falẹ̀ rárá o, kíá ló ti fi májèlé sí idà. Òun náà kú. Fortinbras, tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bá wí tó sì gbọ́, òun ló gba ìtẹ́.

3/ Nínú Ṣaworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání, wọ́n pa bàbá ọmọ tí Kunle Afolayan ṣe. Ọmọ yẹn ò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọba kankan. Ìlù ló pa ọ̀gá sójà tó gba adé.

4/ Ẹ̀yin ará Pedro, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní Báríga àti Ṣómolú, tí wọ́n bá pa ọmọ ẹgbẹ́ kan, àwọn kan á wá bá àbúrò ẹ̀: “Ṣé bó ṣe máa lọ lásán nìyẹn?” Òkú bàbá Hamlet nìyẹn, jíǹsì ló kàn wọ̀. Ẹni tí wọ́n á sì padà pa lè jẹ́ ẹni tó dúró ra búrẹ́dì jẹ́ẹ́jẹ́. Polonius nìyẹn.

5/ Òkú yẹn bẹ ọmọ ẹ̀ fún ẹ̀san. Kò sọ bí ọmọ ṣe máa yè é.