Owó Ẹbí àti Òfin Ọjọ́ 28

Bí ìwé bá ti dé láti yunifásítì kan ní Ìlú Ọba pé wọ́n ti gba ọmọ kan wọlé, inú ẹbí a máa dùn, wọn a sì kà á sí pé iṣẹ́ ti bùṣe. A kò fẹ́ ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n ó di dandan fún wa láti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwé ìgbàwọlé nìkan kò tíì gbé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ òfúrufú. Láàárín ìwé náà àti ẹnu ọ̀nà kíláàsì, àwọn ìlànà kan wà tí ìjọba ilẹ̀ náà là sílẹ̀, èyí tí ó sì ń mú àwọn ènìyàn wa kọsẹ̀ jù nínú wọn ni ti owó. Kì í ṣe àìsí owó ni ó máa ń fà á ní gbogbo ìgbà. Owó a wà, ṣùgbọ́n kò ní sí lọ́wọ́ ẹni tí òfin fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé òfin náà bí ó ti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó ẹ̀kọ́ ọdún kìíní tí òun kò tíì san, àti owó oúnjẹ òun ibùgbé tí ó lè tó ti oṣù 9. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba náà ṣírò owó oúnjẹ àti ibùgbé yìí sí £1,529 lóṣù fún ẹni tí yóò kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti £1,171 fún ẹni tí yóò kàwé ní ibòmíràn. Bí a bá sọ ọ́ di ti oṣù 9, ti Lọ́ńdọ̀nù di £13,761, ti ibòmíràn sì di £10,539. Owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ tí ìṣirò náà parí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 ṣáájú ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Bí ó bá dín ní ọjọ́ kan péré, kódà bí ó tún kún ní ọjọ́ kejì, ìṣirò ọjọ́ 28 tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni ti orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì. Fún ẹni tí kò bá ọkọ tàbí aya lọ, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, tàbí alágbàtọ́ tí òfin fọwọ́ sí ni a mọ̀, yàtọ̀ sí ìjọba, yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá gbé ẹrù rẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ti òbí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìwé ìbí rẹ̀ hàn, òbí yóò sì kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda owó náà. Kò sí ẹ̀gbọ́n nínú rẹ̀. Kò sí àbúrò bàbá, kò sí àbúrò ìyá, kò sí ọkọ ẹ̀gbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt.

Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ta ni kò mọ ilé tí ó jẹ́ pé àkọ́bí ni ó ń san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mẹ́rin, tàbí ilé tí ọmọ ti ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní bàbá láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú, tí kò sì ní bàbá mìíràn tí ó mọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé ní òkè òkun. Owó ìlú ni. Lónìí, irú owó bẹ́ẹ̀ kò wúlò níwájú òfin yìí títí a ó fi kó o sínú àkáǹtì ọmọ náà, kí ó sì pé ọjọ́ 28 níbẹ̀.

A gbà pé onílé ni ó ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò burú kí ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò yóò rí jẹ. Ohun tí a kò gbà ni pé ìwé ìbí nìkan ni a fi ń mọ ẹni tí ó lè gbọ́ bùkátà ọmọ. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti ń san owó ilé-ìwé láti ọdún mẹ́wàá, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì pé lọ́wọ́, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Náírà tún dá kún ìṣòro náà. Kí ìjọba tó tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì pé ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Iye tí náírà bá jẹ́ sí pọ́n-ùn ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún ìwé àṣẹ ni wọ́n ó fi ṣe ìṣirò. Owó tí ó pé nígbà tí a gbé e kalẹ̀ lè ti dín kí ọjọ́ 28 tó pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ara ti ni àwọn ènìyàn yìí ni àwọn sọgúndogójì ti rí ọjà tà. Wọn a fi owó sínú àkáǹtì ọmọ fún ọjọ́ 28, wọn a gba èlé gọbọi lórí rẹ̀, wọn a sì kó owó wọn lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní owó kankan. Ìwé báǹkì èké ni wọ́n ń tà. Kí òbí tí ń dúnàádúrà pẹ̀lú wọn mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ìwé wò lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ báǹkì. Bí ìwé èké bá hàn sí wọn, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà fún ọdún 10. Ọmọ ọdún 22 tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ yóò ti di ẹni ọdún 32 kí ó tó lè kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tí ó sì ta ìwé náà fún un yóò wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí yóò máa tà fún ẹlòmíràn.

Àwọn ìlànà yòókù kò le bí ènìyàn bá mọ̀ wọ́n ṣáájú. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, èyí tí a lè ṣe ní Èkó tàbí Àbújá, oṣù 6 sì ni ìwé rẹ̀ fi ń wúlò. Owó ìtọ́jú ìlera wà pẹ̀lú. £470 ni fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2024 ó di £776. Ẹni tí yóò kàwé fún ọdún kan gbáko fún oyè másítà yóò san £1,164 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn oṣù tí a fi kún àkókò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka owó yìí mọ́ owó ọjọ́ 28, ọ̀tọ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fòpin sí mímú aya, ọkọ àti ọmọ dání, àfi fún àwọn bí i tí wọ́n ń lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀.

A kò ní na Ìlú Ọba nìkan kí a fi ilé sílẹ̀. Kí yunifásítì ibẹ̀ tó fi nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CAS ránṣẹ́, láìsí èyí tí kò sí ẹni tí ó lè béèrè fún ìwé àṣẹ, wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí èsì ẹ̀kọ́ ọmọ náà láti yunifásítì tí ó ti jáde níhìn-ín. Èsì yìí ni àwọn ọ́fíìsì kan ń fi falẹ̀. Ọmọ tí ó jáde pẹ̀lú ìyìn a máa wọ mọ́tò láti Èkó padà sí ìlú tí ó ti kàwé, kìkì láti máa tọ fáìlì rẹ̀ láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Ó ti san owó, wọ́n ti fún un ní rìsíìtì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dá ọjọ́ fún un. Òfin àwọn àjèjì le, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá kà á mọ ọjọ́ tí yóò ṣe èwo. Ti tiwa kò ní ọjọ́. A ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé àgbà yunifásítì wa pé kí wọ́n kéde iye ọjọ́ tí ìwé èsì yóò gbà, kí wọ́n sì dá owó padà fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá.

Ní ti àwọn ẹbí, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn ni àkókò. Kí a ṣí àkáǹtì ní orúkọ ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ẹgbẹ́ aláàjẹṣẹ́kù kó èyí tí wọ́n bá dá síbẹ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó fi owó sílẹ̀, kí a sì tọ́jú ìwé ilẹ̀ tí a tà tàbí ìwé owó tí a yá, nítorí òṣìṣẹ́ lè béèrè ibi tí owó ti wá. Kí a sì jẹ́ kí ó lé díẹ̀ sí iye tí òfin sọ, nítorí náírà. Fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìpàdé ẹbí tí a bá ṣe ní oṣù keje ti pẹ́ jù. Èyí tí a bá ṣe nígbà ọdún Àjíǹde ni ó bọ́ sí àkókò.