Ẹ Má Fi Fáníṣì Pa Ohùn Ìlù

Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, tí owó díẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọn a lọ sí ìlú bàbá wọn, wọn a yọ gángan tàbí ìyáàlù àtijọ́ kan láti orí àjà, tàbí kí wọ́n rà á ní ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ ń dùn, wọn a sì gbé e fún káfíńtà pé kí ó bá àwọn tún un ṣe. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní irú èyí ni ìlù tí àwọn kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà èwe, pé ọkàn àwọn ń fà sí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń fà sí ohun èwe. Irú àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe ni mo ń bá wọn jà lé lórí. N ó sì sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlù tí wọ́n ní àwọn tún ṣe ni wọ́n ti pa.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Wọn a fi sáńpépà ha igi rẹ̀ títí yóò fi funfun, wọn a wá kùn ún ní fáníṣì tí ń dán bí àga pálọ̀. Ọ̀sán tí ó ti gbó, wọn a gé e dànù, wọn a fi okùn ọ̀rá dí i bí ẹni di igi ìdáná. Awọ tí ó ti ya, wọn a fi èyíkéyìí tí ó bá dára lójú rọ́pò rẹ̀. Ṣaworo etí ìyáàlù, wọn a bọ̀ ọ́ ní àwọ̀ góòlù. Lẹ́yìn náà ni wọn a gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó, tí àlejò yóò máa wò ó, tí yóò máa sọ pé ẹ kú àṣà. Mo ti bá ọkùnrin kan pàdé tí ó fi ọ̀bẹ yọ ìda dúdú tí ó wà lójú awọ bàtá rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí ó rò pé ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ni! Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàtá, ẹ mọ ohun tí ó ṣe. Ìda yẹn ni ó ń tẹ ojú awọ náà mọ́lẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè wúwo. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ ti yọ ahọ́n. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti mọ́ báyìí.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti bá àwọn kan wọlé. Ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń lu ìlù òyìnbó, èyí tí a ń jókòó tì tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ, ní ìfẹ́ púpọ̀ sí ìlù àtijọ́. Ludwig, Slingerland, Gretsch àti Premier ni wọ́n ń wá kiri, pàápàá èyí tí ó bá jọ ti ìgbà èwe wọn. Ní ọdún 2015, wọ́n ta ìlù Ludwig tí Ringo Starr ti ẹgbẹ́ Beatles lò ní ọdún 1963 ní gbàǹjo ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là. Láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àwọ̀ ara ìlù jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ohun tí wọ́n fi bo igi rẹ̀ nílé iṣẹ́ ni wọ́n ń du kí ó wà níbẹ̀, bí a bá sì ti ṣí i kúrò, iye rẹ̀ a já wálẹ̀. N kò rí àṣìṣe kankan nínú èyí. Ìlù tiwọn kò sọ̀rọ̀. Ó ń ka ìlù fún orin, iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń retí kí ó pe orúkọ bàbá òun. Awọ màlúù ni wọ́n tilẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, kí ike Mylar tó dé ní nǹkan bí ọdún 1957, wọ́n sì gbé awọ jù sílẹ̀ láìsí ẹkún púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ojú ìlù bẹ́ẹ̀, ojú ni ó yẹ kí ó tún ṣe. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kí a mú ìwà náà wá bá dùndún láìyí i padà.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí iṣẹ́ mi wà. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ìlù kò ní ahọ́n, kò ní ètè. Kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ̀lì. Ìró ohùn yìí àti bí ọ̀rọ̀ ti ń yára tàbí tí ó ń falẹ̀ ni ohun tí ó lè mú nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ìyàtọ̀ wọn lórí ìlù kò ju pé sílébù kejì wà ní àárín, ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀ lọ. Ọkọ́ àti igbá sì dọ́gba lójú ìlù, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lásán kò lè mọ èwo ni. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Oríkì, òwe àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń lò, kí olùgbọ́ lè fi èyí tí ó mọ̀ wá èyí tí kò mọ̀.

Ó tún kù. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ohùn òkè nínú èdè wa, kì í jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta, ńṣe ni ó ń yọ́ wálẹ̀. Ẹ pe rárá, kí ẹ sì tún pe rárà, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí ohùn òkè bá sì tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀, gígùn ni ó ń gun òkè: ẹ pe ìlù, kí ẹ wá pe ìlú. Bàtá kò lè ṣe ìyọ́kẹ́lẹ́ yìí, ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ìlù tí a ń fún ní ọ̀sán, ìyáàlù dùndún, gángan, kànnàngó, ni ó lè ṣe é. Onílù yóò lu awọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ìró náà tó kú, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti dẹ̀ lára ọ̀sán, ohùn yóò sì yọ́ wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ́ lẹ́nu wa. Ìwé tí Akin Euba kọ lórí dùndún, tí ó jáde ní ọdún 1990, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ bí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ìlù wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ohun tí mo ń wí kò ju èyí lọ: inú ọ̀sán àti awọ ni èdè wà. Igi kàn ń gbà á dúró ni. Ìlù tí ọ̀sán rẹ̀ kò bá gba ọwọ́, tí kò lè gùn tí kò sì lè yọ́, kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ìlù àti ìlú. Kí wá ni a tún ṣe?

Àwọn kan yóò sọ pé okùn ọ̀rá ni àwọn onílù fúnra wọn ń lò nísinsìnyí. Òótọ́ ni, mo ti gbọ́ gángan olókùn ọ̀rá tí ó ń sọ̀rọ̀ já gaara. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fà á ni ó fà á. N kò bá ọ̀rá jà, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá ike jà. Ìbéèrè tí mo ní ni pé ṣé ó ń sọ̀rọ̀?

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ti ìhà kejì pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìlù àtijọ́ rárá, kí awọ rẹ̀ wà bí ó ti ya, kí ọ̀sán rẹ̀ wà bí ó ti já, nítorí pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni awọ ìlù Yorùbá jẹ́ ohun tí kì í pààrọ̀? Awọ ewúrẹ́ a máa ya, òjò a máa pa á, eku a máa jẹ ẹ́. Onílù tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa a máa pààrọ̀ awọ lóòrèkóòrè, bí a ti ń pààrọ̀ ewé orí òrùlé ní ìgbà ìwáṣẹ̀. Igi apá tàbí igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ni ó lè wà títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn agbẹ́gilù kan tilẹ̀ gbà pé igi tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti ìgbà tí ó ti wà ní tútù. Kí a wá fi awọ yíya sílẹ̀ lójú ìlù ní orúkọ àṣà, àṣà ta ni? Àṣà ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni, kì í ṣe àṣà Àyàn.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wo Cuba. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé bàtá lọ nínú orí wọn. Fernando Ortiz kọ ọ́ pé àwọn méjì kan, Añabí àti Atandá, ni ó ṣe bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Añá ni wọ́n ń pe agbára tí ń gbé inú rẹ̀, Àyàn wa náà ni. Bí igi ìlù bá ti jẹ níbẹ̀, wọ́n a gbẹ́ òmíràn, wọ́n a sì gbé Añá kúrò nínú èkínní lọ sínú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ igi, wọ́n pààrọ̀ awọ, síbẹ̀ ìlù kan náà ni. Ẹ wo bí àwọn tí ó wà lẹ́yìn òkun, tí wọn kò lè sọ Yorùbá bíi tiwa mọ́, ti mọ ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìlù ju àwa tí a wà nílé lọ.

Èmi náà ní ìlù èwe. Agolo wàrà ni, ọ̀rá ni a fi bo ojú rẹ̀, rọ́bà tí a gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ ni a sì fi dì í. A máa ń fi orúkọ àwọn àgbàlagbà àdúgbò lu ú, a ó sì sá. Àwọn àgbà náà a máa mọ ẹni tí à ń bú! Ẹ ronú lórí ìyẹn. Lórí agolo tí kò ní ọ̀sán, etí wọn ṣì ń mú ohun tí ọmọdé ń pè, nítorí pé etí náà kún fún èdè. Bí ó bá ṣe pé adùn èwe ni à ń wá, inú etí yẹn ni ó wà. Mo sì ń wo àwọn tí ń ná owó gọbọi lórí fáníṣì, tí ọmọ wọn kò lè dáhùn bí a bá fi ìlù kí i. Wọn kì í pe ọmọ Àyàn kan wá sílé ní ọjọ́ Sátidé kí ó kọ́ ọmọ wọn. Ọmọ Àyàn náà ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn.

Ìjọba kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ohùn mẹ́ta lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, etí wo ni yóò fi gbọ́ ọ lójú awọ?

Wọn a tún sọ fún mi pé, “Ọ̀mọ̀wé, ìlù mi ni, owó mi ni, ilé mi ni mo gbé e kọ́ sí.” Bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò ní ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìyáàlù àtijọ́ tí igi rẹ̀ ṣì péye kò pọ̀ mọ́, ó sì ní onílù tí ìbá fi í jẹun. Ọba Adétóyèsé Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó jọba láti ọdún 1946 sí 1975, mọ ìlù lù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú fún àwọn àlejò, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Adé kò dí i lọ́wọ́. Kí ni ó wá dí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kí lọ́wọ́ tí kò fi lè fọwọ́ kan ohun tí ó rà?

Nítorí náà, ìwọ tí o bá ní ìlù kan lórí àjà, má gbé e lọ fún káfíńtà. Wá ilé Àyàn kan rí, jẹ́ kí wọ́n wo igi rẹ̀ bóyá ó là, jẹ́ kí wọ́n yan awọ, jẹ́ kí wọ́n fa ọ̀sán rẹ̀, kí o sì fi àmì ọwọ́ àwọn tí ó ti lù ú rí sílẹ̀ lára igi náà láìhá. Kí o tó san owó iṣẹ́, ní kí ọ̀kan nínú wọn fi í pe oríkì rẹ níwájú àgbàlagbà kan tí kò mọ ohun tí yóò pè. Bí àgbà náà bá dáhùn, san owó wọn pé. Bí ó bá ń wò ọ́ lójú pé kí ni ìyẹn ń sọ, gbé e fún wọn padà.